Ìwọ̀n Tí Mo Mú Lára Kuramoṣi

Ó tẹrí ba wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Kubwa,
lẹ́yìn ilé epo, lójú ọ̀nà Bwari,
omi òjò ṣì ń kán létí páànù.
Mo rò pé àtẹ́rígbà ni ó ń yẹra fún.
Àṣé èmi ni ó ń kí.

Gambo, ọmọ iṣẹ́ mi, gbàgbé irin gbígbóná sórí aṣọ oníbàárà:
"Ọ̀gá, òun nìyí! Ará Japan inú fọ́nrán yẹn,
tó máa ń fò látorí okùn bí ológbò!"
Mo ní kó kọ́kọ́ gbé irin kúrò.

Ṣòkòtò péńpé kan ló fẹ́. Dúdú.
Kò fẹ́ òwú wúrà, kò fẹ́ orúkọ létí rẹ̀.
Ìjà tó kẹ́yìn ni, lálẹ́ Sátidé, ní gbọ̀ngàn kan ní Wuse.
Mo fa téèpù yọ lọ́rùn mi, mo gbé e lé tirẹ̀.
Ṣòkòtò kò nílò ọrùn, mo mọ̀.
Ọwọ́ mi ló fẹ́ mọ̀.

Ọrùn: íǹṣì mọ́kàndínlógún.
Òun ló fi ń balẹ̀ fún ọdún méjìlá.
Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ mẹ́hẹ, tèmi náà mẹ́hẹ, a pàdé láàárín.
Ó ní nínú iṣẹ́ àwọn àkọ́kọ́, kí agogo tó dún,
wọn a ti fẹnu kò sórí ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò kan ilẹ̀.
"Irọ́ ni, nígbà náà?" Mo ti ń rẹ́rìn-ín.
Ó fi ìka ká ètè sókè, ó fi eyín hàn mí;
mẹ́ta nínú wọn, dókítà ló hù wọ́n.
"Ilẹ̀ kò bá wa ṣe ìpàdé yẹn," ló wí.

Èjìká: ti òsì rẹlẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ,
bí ti ìyá Gbagyi tó ti fi èjìká ru igi láti kékeré.
Ẹni ọgbọ̀n ọdún ni nígbà tó fi àfẹnukò sílẹ̀,
tó wọ inú irin, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti sọ fún un
ta ni yóò ṣubú.
Ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlélógójì.
Ọkùnrin kan fún apá rẹ̀ bí a ti ń fún aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣan.
Àwọn tó ń pariwo orúkọ rẹ̀ ká ọ̀págun wọn,
àwọn ẹlẹgbẹ́ ní ó ti tú àṣírí ilé.
Ìyá rẹ̀ nìkan ló pè é:
"Ṣé o ti jẹun?"

Mo ronú kan òwú ìdìmú,
òwú funfun tí a fi ń so aṣọ pọ̀ de ẹ̀rọ,
tí a óò fà yọ, tí oníbàárà kò ní mọ̀ pé ó ti wà ńbẹ̀ rí.
Ta ni yóò pè é ní irọ́?
Abẹ́rẹ́ kan náà ni, ìka kan náà ló ń gún.

Orúnkún: kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án.

Ní Sátidé, ọmọ Gusau kan tó ń jẹ́ Garzali,
tí bàbá rẹ̀ fi dambe wò ó dàgbà,
na ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún kan. Gbọ̀ngàn dìde.
Ojú ayé wà lára ẹ̀ṣẹ́,
tèmi wà lára ojú ìrán, lábẹ́ itan,
níbi tí mo ti rán an lẹ́ẹ̀mẹ́ta.
Kuramoṣi ṣubú. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ lu ilẹ̀, pàà!
bí ẹni kan ilẹ̀kùn ilé ọ̀rẹ́ àtijọ́.
Aṣọ kò ya.

Ó dé ní ọjọ́ Ajé, ojú kan ṣí, ojú kan dí,
ó kí ẹnu ọ̀nà, ó kí mi, ó kí Gambo,
ó gbé ṣòkòtò náà lé orí tábìlì, ó ti fọ̀ ọ́.
Ó ní kí n fi íǹṣì mẹ́ta kún ìbàdí rẹ̀.
Mo ní, kí ló dé?
Ó ní òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.